Sípíríǹgì Orí Pẹpẹ

Obìnrin tó bá fi owó ara rẹ̀ ra mọ́tò, kí ó yáa ra òwú tí yóò fi dí etí pẹ̀lú rẹ̀. Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ra tèmi. Mo rò pé tí mo bá ti sanwó tán, tí mo gba kọ́kọ́rọ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Mo gbàgbé pé mo ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ, àti pé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sí ọkùnrin tí kì í ṣe mẹkáníìkì. Èyí tí kò ní mọ́tò rárá ló mọ̀ jù nínú wọn.

Bọ́ọ̀sì ni èmi fi ń jẹun. Bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì ni mò ń wà láti Barking, nílùú òyìnbó níbí, ọdún sì ti gorí ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà. Kò sí irú èèyàn tí mi ò tíì gbé: ẹni tó ń jẹ adìyẹ tó ń ju eegun sílẹ̀, ẹni tó ń bá fóònù jà, ẹni tí òjò pa tó wá ń wò mí bíi pé èmi ni mo rọ̀ ọ́. Nígbà tí mo wá fẹ́ ra mọ́tò tèmi, mo ra èyí tí kò láyè fún ẹnikẹ́ni. Mọ́tò kékeré onílẹ̀kùn méjì, aláwọ̀ búlúù tó dúdú díẹ̀, tó ba sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbéra sáré, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń kùn bí ológbò tó yó. Ìjókòó ẹ̀yìn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpò ìrẹsì kan ló gbà. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò fi ìyẹn pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mi ò lè máa wa bọ́ọ̀sì láàárín ọ̀sẹ̀, kí n tún wá máa wa kọ́bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ ìsinmi.

Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni ẹsẹ̀. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti lò ó nílòkulò. Ṣọ́kì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú, ìyẹn ọ̀pá tó máa ń di sípíríǹgì mú kí ó má baà máa fò sókè sódò. Àwọn rọ́bà tó wà ní oríkèé ẹsẹ̀ náà ti gbẹ, wọ́n ti là. Ó tún wá ki ríìmù ńlá sí i, táyà tó wé mọ́ ọn sì tín-ín-rín débi pé tí mo bá gba orí owó ẹyọ kọjá, mo lè sọ fún ọ bóyá orí ló kọjú sókè. Tí ó bá já sí kòtò báyìí, “gbà!”, bí ẹni ju odó sílẹ̀. Èmi nìkan ì bá fara dà á. Ìdí ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì ti yi.

Ṣùgbọ́n Màámi ń gbé lọ́dọ̀ mi, nínú àwọn ilé tuntun Beam Park tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò láyé àtijọ́. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí. Dókítà ní ó ti dára, ó sì dára lóòótọ́, tí nǹkan kan ò bá ti gbọ̀n ọ́n. Láàárín ilé wa àti ṣọ́ọ̀ṣì, bọ́ǹpù ni káńsù tò sójú títì bí ẹni kọ ebè iṣu. Awakọ̀ tákísí kan ti gbé Màámi gba orí wọn kọjá rí bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Ọjọ́ náà ni Màámi búra pé òun ò tún ní wọ mọ́tò ẹni tí òun kò bí.

Èmi ló bí, nítorí náà ó wọ tèmi. Ọjọ́ Sunday àkọ́kọ́ tí mo gbé mọ́tò náà délé, ó múra nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní mọ́tò náà rẹwà bí ọmọge. A dé orí bọ́ǹpù àkọ́kọ́. Mo rọra gùn ún, mo fi Ọlọ́run búra, mo rọra. Nígbà tí táyà ẹ̀yìn já sílẹ̀, Màámi ké, irú igbe tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti kékeré mi. Ó di ilẹ̀kùn mú, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Gbé mi padà sílé.” Láti ọjọ́ náà kò tún dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Màámi ní àga ní ṣọ́ọ̀ṣì. Iwájú ni àga náà wà, lápá ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àgbà, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, kò sì sẹ́ni tó ń jókòó lé e bí kò ṣe òun. Àdúrà ló fi gbà á, kì í ṣe owó. Ìkórè wá ń sún mọ́lé, ọdún tó tóbi jù lọ lọ́dọ̀ wa, àwọn kan sì ti ń sọ ọ́ lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́ pé tí àga náà bá ṣófo lọ́jọ́ Ìkórè, àfi kí wọ́n fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Màámi lórí fóònù. Ó dìde, ó fọ sùtánà rẹ̀ tí kò dọ̀tí, ó lọ̀ ọ́, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, bí ẹni tí yóò jáde lọ́la. Ó dùn mí dọ́kàn. Mo bá búra fún ara mi pé kí Ìkórè tó dé, màá ti tún ẹsẹ̀ mọ́tò yẹn ṣe, Màámi yóò sì jókòó lórí àga rẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣìnà ni pé mo la ẹnu sọ ọ́ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní Castle Green, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá títì ńlá A13, láàárín àwọn tó ń ta táìlì àti àwọn tó ń tún tírélà ṣe. Tí ìsìn bá parí, àwọn ọkùnrin máa ń dúró síbi tí a ń páàkì mọ́tò sí, nínú sùtánà, láìwọ bàtà gẹ́gẹ́ bí ìlànà wa, wọn a máa dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n. Mo ní kí n béèrè ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ṣọ́kì tó dára. Ìbéèrè kan péré ni o. Kí n tó mí, àwọn tí kò ní bàtà lẹ́sẹ̀ ti yí mọ́tò mi po, wọ́n ń gbà mí nímọ̀ràn lórí ẹsẹ̀ mọ́tò.

Olórí wọn ni Alàgbà tó máa ń ka ìkéde. Gẹ́gẹ́ bí ẹnu ara rẹ̀ ti wí, òun ló ta gbogbo mọ́tò tòkunbọ̀ tó wọ Èkó láyé ìgbà kan. Nísinsìnyí ó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Mọ́tò tirẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí láti inú. Tí ó bá fẹ́ jáde, á yọ ọwọ́ láti ojú fèrèsé, á ṣí i láti ìta, bí olè tó ń jáde nínú ilé ara rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló gbá orí mọ́tò mi, tó ní:

“Sister, mọ́tò eré ni mọ́tò yìí. Mọ́tò eré gbọ́dọ̀ sùn sílẹ̀ ni. First thing first, lowering springs. Two inches. Ẹ jẹ́ kó jókòó.”

Mo ní, “Alàgbà, Màmá ló máa jókòó síbẹ̀ o. Ìbàdí ń dùn wọ́n. Ohun tó máa rọ̀ ni mò ń wá.”

“No, no, no. Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni. Tó bá ti firm, kò lè gbọ̀n wọ́n mọ́. Nǹkan tó bá le kì í gbọ̀n.”

Mo bi í pé, “Ṣé orí sìmẹ́ǹtì lẹ̀yin náà ń sùn sí nílé ni?”

Ó ní mọ́tò lòun ń sọ, òun ò sọ bẹ́ẹ̀dì.

Ọkùnrin kejì fò wọ ọ̀rọ̀. Kò tíì pẹ́ tó dé láti Nàìjíríà. Ìyàwó rẹ̀ ló rí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó gbà tó fi gbé e wá, ojú fóònù ló sì ti kọ́ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa mọ́tò. Ó ní, “Aunty, with all due respect, coilovers ni kẹ́ ẹ fi sí i, sípíríǹgì tó ṣeé yí. Ẹ̀ẹ́ lè yí i wálẹ̀, ẹ̀ẹ́ lè yí i sókè. Ẹ kàn slam ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó máa mad, I swear.” Mo bi í pé mọ́tò wo ni ó ń wà. Ó rẹ́rìn-ín. Mo mọ èyí tó ń wọ̀. Bọ́ọ̀sì mi ló ń wọ̀.

Mi ò bá wọn jiyàn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹni tó bá ń wa bọ́ọ̀sì, ìdí ló fi ń ka títì. Ìdí mi sì ti sọ fún mi láti ọjọ́ kìíní pé kì í ṣe gíga ló ń ṣe mọ́tò yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbó. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti jẹ, tí ẹ wá gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ṣé ẹ ti wò ó sàn nìyẹn? Tí wọ́n bá ki sípíríǹgì kúkúrú tó le wọ inú ṣọ́kì tó ti kú, mọ́tò náà á máa ta pọ́ún pọ́ún bí ewúrẹ́ tí wọ́n so, á sì sọ ohun tó kù nínú ṣọ́kì náà di òkú pátápátá. Ohun tó gbó la kọ́kọ́ ń pààrọ̀ kí a tó wá ẹ̀ṣọ́. Ọmọdé mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n ọmọdé kì í ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Mo fara balẹ̀ yan tèmi. Ṣọ́kì tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irú èyí tó mọ ìgbà tó yẹ kó le àti ìgbà tó yẹ kó rọ̀, nítorí èmi náà ò fẹ́ kí mọ́tò máa mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀mùtí tí mo bá ń yí kúrò lórí A13. Sípíríǹgì tuntun tó ga bí èyí tí wọ́n fi ṣe é níléeṣẹ́, nítorí ti tẹ́lẹ̀ ti wọlẹ̀. Rọ́bà gbogbo oríkèé. Ríìmù tó kéré díẹ̀, kí táyà lè ní ẹran lára. Kò sí èyí tí wọ́n kùn ní pupa bíi ti mọ́tò eré nínú gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni lè ya fọ́tò.

Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá ò sàn ju àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Mo kó ọ̀rọ̀ mi kalẹ̀ tán, ó ń wo ẹ̀yìn mi, bóyá ọkọ mi ń bọ̀. Ó ní, “Your son's car, is it?” Mo ní tèmi ni. Ó ní tó bá jẹ́ tèmi, èéṣe tí mi ò kúkú gé e sílẹ̀ díẹ̀, pé gbogbo ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Mo ní kó kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un. Ó ní àwọn ẹrù náà yóò dé lọ́sẹ̀ Ìkórè gan-an. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Lọ́jọ́ Sunday tó ṣáájú Ìkórè, iṣẹ́ ni mo wà. Mo darí dé ní ìrọ̀lẹ́, mo bá Alàgbà nínú pálọ̀ mi, ó wọ kóòtù lé sùtánà, ó jókòó gbagidi sórí àga mi. Páálí kan wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Òórùn lọ́fínńdà gba gbogbo ilé. Nínú páálí náà, sípíríǹgì mẹ́rin, ó pupa fòò bí ètè ìyàwó tuntun, epo àbẹ́là ti kán sára ọ̀kan nínú wọn.

Ó ní, “Sister, ẹ kú oríire. Mo fi ṣe gift ni. Gbogbo rẹ̀ ló ti dórí pẹpẹ láàárọ̀ yìí. Lórúkọ yín àti lórúkọ Mummy. Wọ́n ti ta òróró sí i. Gbogbo ìjọ ló ṣe Àmín sí i. Ìran tiẹ̀ tún jáde pé ohun tó ga yóò wálẹ̀.”

Mi ò béèrè ẹni tó rí ìran náà. Mo mọ̀ ọ́n. Òun náà ló ra sípíríǹgì.

Ẹni tí kì í bá ṣe ara wa lè má mọ irú ìdẹkùn tí ọkùnrin yìí dẹ. Lọ́dọ̀ wa, ohun tó bá ti dé orí pẹpẹ lórúkọ rẹ, o ò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Tí o bá kọ̀ ọ́, Àmín tí gbogbo ìjọ ṣe lo kọ̀ yẹn, ìwọ àti ìdílé rẹ. Ó mọ̀ pé tí òun bá gbé e wá sínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, màá ní kó máa gbé e lọ. Ó wá gba ẹ̀yìn mi lọ bá Ọlọ́run. Irú ìwà ọ̀lẹ báyìí ń rí mi lára: ọkùnrin tí kò lè fi ẹnu jiyàn, tó wá lọ tan àbẹ́là yí irin ká.

Màámi rọra tẹ̀ síwájú. Ó fi ọwọ́ kan páálí náà, ó fi ọwọ́ náà kan iwájú orí rẹ̀. “Ẹ ṣeun, Alàgbà. Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Tó bá di Ìkórè, ẹ ó rí wa.”

“Àmín, Mummy! Ẹnu géètì gan-an ni màá dúró sí. Mo fẹ́ fojú ara mi rí bó ṣe sùn.”

Màámi yíjú sí mi. “Gba páálí lọ́wọ́ wọn.”

Mo kúnlẹ̀, mo gbà á. Orúnkún mi ló kúnlẹ̀. Èmi fúnra mi wà lórí ìdúró. Nígbà tí Alàgbà jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo ní ṣé ẹ rí bí irin yìí ṣe le, Màámi, ó máa pa yín lára, ẹ ò ní dé Castle Green kẹ́ ẹ tó ní kí n dá yín padà. Màámi ní kí n rẹ ohùn mi sílẹ̀. Ó ní, “Ohun tó ti dórí pẹpẹ, a kì í dá a padà.” Ó wá béèrè bóyá ẹ̀wà tó wà lórí iná ti jinná.

Bí mo ṣe bọ́ sínú ìdààmú nìyẹn. Tí mo bá fi sípíríǹgì pupa sí i, Màámi yóò tún ké, yóò padà sílé, àga rẹ̀ yóò bọ́. Tí mo bá fi tèmi sí i, tó sì mọ̀, ó lè kọ̀ láti wọ mọ́tò náà rárá, nítorí ọ̀rọ̀ pẹpẹ kì í ṣe eré lọ́dọ̀ rẹ̀. Àga rẹ̀ yóò bọ́ bákan náà. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń wa bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìbínú. Ẹni tó bá tẹ bẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀mejì, mo wò ó nínú dígí bíi kí n ní kó sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí ẹrù dé, mo ní kí mẹkáníìkì fi tèmi sí i. Ó ṣí bọ́ọ̀tù ẹ̀yìn mọ́tò, níbi tí mo gbé páálí Alàgbà sí, ó rí àwọn pupa náà, ojú rẹ̀ tàn bí ẹni tó rí àbúrò rẹ̀. Mo ní kó pa bọ́ọ̀tù dé. Mi ò lè jù wọ́n nù; ta ni yóò ju ohun orí pẹpẹ sínú àpótí ìdọ̀tí? Wọ́n sì ti ń rùn lọ́fínńdà jù láti wọ inú ilé padà. Mo fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, mo panu mọ́.

Kí n tó gbé Màámi, mo dán an wò. Mo bu omi kún bàsíà ìfọṣọ títí dé ẹnu, mo gbé e ka orí ìjókòó rẹ̀, mo fi bẹ́líìtì dè é bí arìnrìn-àjò, mo sì gbé e gba orí gbogbo ebè tí káńsù kọ. Mọ́tò náà gùn, ó sọ̀, ó dákẹ́. Omi fẹ́ẹ́ mì, ó ta díẹ̀ sára ìjókòó, ó tán. Nígbà tí mo yí kúrò lórí títì ńlá, ó di ilẹ̀ mú bí ọmọ tó di ìyá rẹ̀ mú. Inú mi dùn débi pé mo sọ̀rọ̀ sókè fún bàsíà. Mo ní, “Ṣé o rí i? Ṣé o rí i báyìí?”

Ó di Ìkórè. Màámi wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó gbé fìlà funfun lé orí. Mo fi tìmùtìmù méjì gbé ìjókòó ga fún un, mo dì í mú títí tó fi jókòó. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀. A gbéra. Nígbà tí mo rí bọ́ǹpù tí Màámi ti ké lórí rẹ̀ lọ́jọ́sí, mo dín eré kù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mọ́tò wíwà, èmi tí mò ń gbé ènìyàn kún odidi bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́. Ọwọ́ Màámi ti di ilẹ̀kùn mú pinpin. Táyà iwájú gùn ún, ó sọ̀. Ti ẹ̀yìn gùn ún, ó sọ̀.

Kò ké. Ó tẹjú mọ́ iwájú. Ó ní, “Ṣé bọ́ǹpù ọjọ́sí náà nìyẹn?”

Mo ní, “Òun nìyẹn, Màámi.”

Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó yí orí díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lẹ́yìn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà mi ò ní àyè láti máa ka èje.

Alàgbà mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ẹnu géètì ló dúró sí, ó sì ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ. Bí mo ṣe páàkì, ó kúnlẹ̀ nínú sùtánà Ìkórè, ó fi ìka wọn àlàfo tó wà láàárín táyà àti ara mọ́tò, ó mi orí bíi dókítà. Ó dìde, ó pariwo: “Ẹ ò rí i! Ẹ wò bó ṣe sùn! Two inches gangan! Mi ò sọ fún yín?” Mọ́tò tó ti ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni o, nítorí sípíríǹgì tuntun ti gbé e dúró níbi tí ti àtijọ́ wọlẹ̀ sí. Gbogbo wọn ló wò ó. Gbogbo wọn ló rí i pé ó sùn. Ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì mi yọ fóònù, ó ya fọ́tò, ó ní, “Stance yẹn mad, Aunty.” Mo dúró síbẹ̀, mo ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò ó nínú ọkàn mi pé tí wọ́n bá yọ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí wọ́n gbé mọ́tò náà ka orí odó, àwọn ọkùnrin wọ̀nyí á ṣì máa yìn ín.

Màámi wọlé, ó jókòó lórí àga rẹ̀. Àwọn tó ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ló kọ́kọ́ wá dọ̀bálẹ̀ kí i. Nígbà tó kan àkókò ìjẹ́rìí, ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó dìde.

Ó ní, “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó gbé mi wá sí iwájú pẹpẹ rẹ̀ lónìí, tí nǹkan kan ò dùn mí. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Alàgbà tí wọ́n gbé sípíríǹgì wá sílé mi. Mo ti gbà á lọ́wọ́ wọn, mo sì ti dúpẹ́ níwájú gbogbo yín. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé wọ́n ṣeun.”

“Wọ́n ṣeun!” ni gbogbo ìjọ dá a lóhùn. Alàgbà dìde, ó jó dé iwájú, ó jó padà, ó ń nu ojú. Iṣẹ́ mi, ìdí mi, bàsíà omi mi, òun ló ń fi jó. Mi ò lè la ẹnu. Tí mo bá là á, èmi ni mo ṣe àfojúdi sí pẹpẹ, èmi ni mo sì tan ìyá mi jẹ lọ́jọ́ Ìkórè. Mo jókòó, mo pàtẹ́wọ́ bí ẹni ń pa ẹ̀fọn.

Nígbà tí à ń padà lọ sílé, mo ní kí n jẹ́wọ́ fún un kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo ní, “Màámi, sípíríǹgì tó wà lábẹ́ mọ́tò yìí...”

Ó ní, “Ti Alàgbà wà nínú bọ́ọ̀tù. Mo ń gbọ́ ọ tí ó ń dún láti ìgbà tí a ti kúrò nílé láàárọ̀.”

Ẹnu yà mí. Mo ní, “Ẹ mọ̀? Ẹ mọ̀, ẹ wá dìde dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn?”

“Tí mo bá kọ̀ ọ́ lójú rẹ̀, ṣé o rò pé á jáwọ́? Á gbé òmíràn wá. Á gbààwẹ̀ lé e. Á máa wá sílé wa wá wò ó. Ẹni tí a bá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ìjọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán nìyẹn. Kò tún lẹ́nu mọ́.” Ó yí ọ̀pá rẹ̀ díẹ̀. “Nǹkan tí ọkùnrin yẹn bá fọwọ́ ara rẹ̀ yàn, ṣé mo lè jókòó lé e ni? Ẹni tí kò lè ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò ara rẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo ní láti dín eré kù. Màámi ò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Ìwọ, ojú lo fi ń gan èèyàn, gbogbo ayé ló ń rí i. Ọ̀dọ̀ mi lo ti mú ìwà náà, mi ò lè bá ọ jà. Ṣùgbọ́n tèmi, mo máa ń wọṣọ funfun fún un kí n tó gbé e jáde.”

Bọ́ǹpù ọjọ́sí tún kù díẹ̀ níwájú. Mo ṣe bí ẹni fẹ́ tẹ bíréèkì. Ó ní kí n máa lọ, ṣé ẹyin ni òun ni? A gùn ún, a sọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ọ̀pá rẹ̀, kò di ilẹ̀kùn mú.

“Lọ sọ fún wọn níbi iṣẹ́ rẹ,” ó ní, “pé o ò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sunday mọ́.”